Oúnjẹ Ìsìnkú Tó Pẹ́

"Ẹ yọ ọ́ kúrò," ni Kip Lundeen wí. Ó nàka sí ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí àwòrán obìnrin kan tó fi àwọ̀n kó irun ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn Corinne. Ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ ká fi parí ọdún ẹ̀kọ́ yìí."

Marlys Tvedt gbójú sókè nídìí kọ̀ǹpútà náà. Òun ló ń kọ ìwé ìròyìn tí àwọn ilé-ìwé ìlú Nesby máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Ó ti ń kọ ọ́ tipẹ́ kí Kip tó di ọ̀gá àgbà àwọn ilé-ìwé náà, àní nígbà tí Kip fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ kékeré tó ń fi ṣòkòtò nu ẹrẹ̀ ní pápá.

"Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ kí n fi síbẹ̀ dípò rẹ̀?"

"Àwọn ọmọ tó ń jáde ìwé. Ẹ fi wọ́n síbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ju fìlà sókè. Ẹ kọ ọ́ pé a ti ṣílẹ̀kùn padà, pé a là á já."

"Àwọn tí kò là á já ńkọ́?"

Kip fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú. Ojú náà ti pọ́n. Àtìgbà tí wàhálà ìbòmú ti bẹ̀rẹ̀ ni oorun ti ń sá fún un. "Ẹ̀yin náà wà ní ìpàdé tí a ṣe lórí ìbòmú ní oṣù kẹwàá yẹn. Ẹ rí bí àwọn àgbàlagbà ṣe fẹ́ máa lura wọn. Tí a bá kọ ọ́ pé Kòrónà ló pa á, ìdajì ìlú á ní irọ́ là ń pa. Tí a ò bá kọ ọ́, ìdajì yòókù á ní à ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Wendell ọkọ rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ dìde tó ń pariwo lọ́jọ́ yẹn pé kò sí àrùn kankan. Ṣé ẹ fẹ́ lọ bi í ni?"

"Màá lọ bi í."

Kip wò ó bóyá ó ń ṣe àwàdà. Kò ṣàwàdà. "Ó dáa. Bí Wendell bá fọwọ́ sí i, mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀la la máa tẹ̀ ẹ́ jáde."

Corinne Haugen ni olórí àwọn alásè ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa, òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ ló ń di oúnjẹ sínú àpò, tí àwọn bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sì ń gbé e lọ fún àwọn ọmọ káàkiri oko. Marlys lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Òun àti Corinne á dúró sí ìpẹ̀kun tábìlì gígùn kan, ọ̀kan lápá ọ̀hún, ọ̀kan lápá ìhín, wọ́n á máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Marlys, ṣé bí wọ́n ṣe ń dì í nìyẹn? Ẹ̀bùn Kérésì lo pè é ni?" Gbogbo alásè á bú sẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kìíní ni Corinne kú, ní ọsibítù ìlú ńlá, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ará ilé wọlé. Orí fóònù ni Marlys ti wo ìsìnkú rẹ̀: pásítọ̀, Wendell, àti èèyàn díẹ̀ nínú yìnyín. Nígbà tí wọ́n ń kọrin lọ́wọ́, àwòrán náà dúró gbagidi, kò sì mira mọ́. Bí ó ṣe parí nìyẹn. Kò sí oúnjẹ. Ní Nesby, ẹnikẹ́ni tó bá kú, àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀dùnkún, kí wọ́n mu kọfí, kí wọ́n sọ̀rọ̀ òkú náà títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Corinne ló ti ń se oúnjẹ yẹn fún òkú ìlú láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó se tirẹ̀. Lójú Marlys, ó dà bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbì kan, tó múra sílẹ̀, tó ń retí kí wọ́n wá pe òun.

Ó bá Wendell ní ẹ̀gbẹ́ katakata rẹ̀, níbi tó ti ń fi àkísà nu ọwọ́. Àgbàdo tuntun ti yọrí lẹ́yìn rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀.

"Ṣé Arlo mọ̀ pé o wá síbí?" ni ohun tó fi kí i. Arlo ni ọkọ Marlys. Òun àti Wendell kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìpàdé yẹn.

"Mi ò gba àyè lọ́wọ́ Arlo kí n tó jáde nílé."

"Mo mọ̀. Àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí." Ẹnu rẹ̀ fẹ́ yà sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Marlys dárúkọ ìwé ìròyìn, ojú rẹ̀ le. "Má kọ ọ́."

"Mi ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ kọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Wàá kọ ohun tó pa á, àwọn kan á wá máa fi mí ṣẹ̀sín nílé epo. 'Wendell tí kò fẹ́ lo ìbòmú, ẹ wo ibi tó bá a dé.' Wọ́n ti ń sọ ọ́. Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ni?"

Marlys gbójú sílẹ̀. Arlo tìkára rẹ̀ ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lórí oúnjẹ, Marlys ló sì ní kó panu mọ́.

"Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe wá," ó ní. "Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí, Wendell. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo bu kọfí sí ife méjì kí n tó rántí."

Wendell ń nu ọwọ́ tó ti mọ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí àgbàdo.

"Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kò sẹ́ni tó jẹun. Mo ti ibojì dé, mo bọ́ bàtà, mo jókòó. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo wá lọ din ẹyin. Ẹyin, Marlys! Obìnrin tó bọ́ gbogbo ìlú yìí, ẹyin díndín ni mo fi ṣe òkú rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ lè jẹ ẹ́ tán."

"Jẹ́ ká sè é báyìí." Ọ̀rọ̀ náà jáde kí Marlys tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ́. "Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá gba ìwé-ẹ̀rí wọn tán. Lórí koríko iwájú ilé ìdáná rẹ̀ nílé-ìwé."

"Ta ló máa wá? Àwọn kan ò kí mi mọ́. Àwọn kan, èmi ni mi ò kí wọn."

"Màá kọ ọ́, wọ́n á kà á. Bí wọn ò bá wá, èmi àtìwọ á máa jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ títí ìgbà ìkórè."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Wendell, ó sì ṣe é bí ẹni tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, torí ikọ́ ló fi parí rẹ̀. "Má kọ ohun tó pa á," ó tún wí.

"Mi ò ní kọ ọ́."

Kò sì kọ ọ́. Lábẹ́ àwòrán Corinne, ohun tó kọ ni pé a kò ráyè jẹun papọ̀ nígbà tí olórí alásè wa lọ, pé oúnjẹ náà yóò wà lọ́jọ́ Àìkú, àti pé kí ẹnikẹ́ni tí Corinne bá ti fún ní oúnjẹ rí wá. Kip kà á, ó tún un kà.

"Gbogbo ìlú lẹ pè yẹn, mà."

"Gbogbo wọn náà ló bọ́."

Kip tún wo àwòrán náà. "Ó máa ń fi búrẹ́dì aládùn kún tèmi," ó ní. "Ẹ gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ju fìlà lè wà ní ojú ìwé kejì."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n to àga sílẹ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan jìnnà sí èkejì; atẹ́gùn gbé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére lọ, àwọn ọmọ sì ju fìlà sókè. Lẹ́yìn náà, ó ku oúnjẹ orí koríko. Arlo ti gbé àwọn tábìlì wá. Àwọn alásè ti to oúnjẹ. Wendell dúró lábẹ́ igi nínú kóòtù dúdú tó wọ̀ nígbà òtútù, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì. Marlys ń tún àwọn ife tò, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ìgbà tó yá ni ọkọ̀ kan yà wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e, wọn kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì wá. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé wá nínú aṣọ oyè wọn. Àwọn òbí gbé abọ́ tí wọ́n bò dání. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń pín: àwọn tó lo ìbòmú lápá kan, àwọn tí kò lò ó lápá kejì, koríko gbalasa láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun bọ ẹnì kejì lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àwo.

Marlys ṣẹ́jú sí Wendell. Ọkùnrin náà rìn bọ́ síwájú, ó dúró sí àárín koríko náà.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá," ó ní. Ó wo apá ìhín, ó wo apá ọ̀hún. "Àrùn yẹn ló pa á. Mo sọ níwájú gbogbo yín pé kò sí. Ó wà." Ó nawọ́ sí àwọn tábìlì náà. "Corinne ò fẹ́ kí oúnjẹ máa tutù. Ẹ wá jẹun."

Kò sẹ́ni tó mira. Arlo ló kọ́kọ́ kúrò lójú kan. Ó mú àwo, ó bu ẹran àti ọ̀dùnkún sí i, ó gbé e lọ bá Wendell níbi tó dúró sí.

"Gba èyí," ó ní. "Kóòtù yẹn á pa ọ́, bọ́ ọ kúrò lọ́rùn."

"Ẹran yìí kéré," ni Wendell wí, ó sì gba àwo náà.

"Jẹ ìyẹn tán ná."

Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò, tí apá ìhín àti apá ọ̀hún sì wọnú ara wọn. Ariwo ṣíbí bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń sọ ohun tí Corinne ṣe fún un lọ́jọ́ báyìí, ẹlòmíì já a gbà lẹ́nu pé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn.

Marlys wà nídìí kọfí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ gbayawu nítorí ooru. Ó yíjú, ó wo ẹnu ọ̀nà náà fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń retí ẹni tó máa jáde wá kó sì bá a wí pé kọfí rẹ̀ ti ṣàn jù. Kò sẹ́ni tó jáde. Ó yíjú padà sí ẹni tó kàn lórí ìlà.

"Ṣé kí n fi mílíìkì sí i?" ó bi í.