Ìwọ̀n Ẹni Tó Jókòó

Bernice lá àlá aṣọ. Aṣọ náà gùn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú ọyẹ́, ó kọjá lórí àwọn òrùlé Ìlá títí dé ọ̀nà Ọ̀rà, kò sì há mọ́ ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nígbà tó rọ́ ọ fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Àlá rere ni! O ó tún fi ẹsẹ̀ rẹ rìn."

"Màmá, mo ní mo jókòó ni."

Ta ló ń gbọ́? Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì gbé e mọ́, Màmá ló ń wọṣọ fún un. Màmá á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ jòjòló. Bernice tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò á wá dijú. Ó ń dùn ún wọra. Ìkórè ìjọ wọn ti ń kanlẹ̀kùn, òun ni yóò sì lé orin. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí òun fi ọwọ́ ara òun wọṣọ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fáòsíátù, aránṣọ àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn àgbà méjì ṣe! Màmá gbá Bernice mú lábíyá, ó gbé e nàró mọ́ ògiri, Fáòsíátù sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti èjìká dé kókósẹ̀.

"Bí a bá wọ̀n ọ́n ní ìjókòó," ni Fáòsíátù wí, "ó dà bíi pé a ti gbà pé kò ní dìde mọ́."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Màmá dáhùn.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìfẹ́ náà ló ba aṣọ jẹ́.

Aṣọ dé, ó rẹwà lára ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bí Bernice ṣe wọ̀ ọ́ jókòó báyìí, ẹ̀yìn aṣọ gbé sókè, iwájú di òkìtì sórí itan, etí rẹ̀ wọnú táyà kẹ̀kẹ́, ó fà ya. Bernice bú sẹ́kún.

"Àǹtí, ẹni tí ẹ fẹ́ kí n dà lẹ ránṣọ fún. Èmi tí mo jókòó síbí ńkọ́? Màmá, ẹ máa gbàdúrà yín, mo ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n mí bí mo ṣe wà."

Màmá fúnra rẹ̀ ló he téèpù nílẹ̀, ó nà án sí Fáòsíátù.

Fáòsíátù kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́. Bernice ń sọ ibi tí ọwọ́ òun dé, Fáòsíátù ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Bùbá yóò là níwájú. Ìró ńkọ́? Láti orí bẹ́ẹ̀dì, Bernice yóò tẹ́ ẹ sórí kẹ̀kẹ́, yóò fi apá gbé ara rẹ̀ jókòó lé e, yóò ká a bo itan, yóò sì fi ohun tí ń lẹ̀ mọ́ra, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé, pa á dé.

Láàárọ̀ Ìkórè, ọyẹ́ bo gbogbo ìlú, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Bernice ti ilẹ̀kùn. Aṣọ náà rọra ń gun ara rẹ̀, kò há, kò fà, ó ń ṣe é bí ẹni pé àlá ọjọ́sí kò tíì tán lójú òun.

"Ṣé kí n wọlé?" Màmá ń bèèrè lóde.

"Rárá, mà."

"Ṣé kí n wá báyìí?"

"Rárá, mà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọwọ́ Màmá ti gbéra láti tún ọrùn aṣọ ṣe, kò rí ohun tí yóò tún ṣe. Omi lé ròrò sí i lójú. Gèlè rẹ̀ ṣì ká sí apá rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò tíì wé gèlè."

"Ìwọ ni mò ń dúró dè."

"Ẹ jókòó síwájú mi, kí n wé e fún yín."

Màmá jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, ó sì dijú.