Ike tí Màámi Rọ Epo Sí Ránṣẹ́

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ ike ẹlẹ́rìndòdò tí Màámi rọ epo sí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn kí wọ́n tó kú. Epo ti tán tipẹ́, ike náà ni mo fi ń mumi. Ìyàwó mi ní kí n sọ ọ́ nù, pé ike tó ti gbó lè fa àìsàn. Mo ní àfi tí mo bá kú.

Lójú àlá, ìjọba ránṣẹ́ pè mí nítorí ike. Ọ́fíìsì wọn ń léfòó lókè igi àgbálùmọ̀ kan, mo bá gbé àkàbà, mo gùn ún lọ. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù gbé ike náà sórí tábìlì.

"Ṣé o kì í fi í sínú oòrùn?"

"Inú mọ́tò ló máa ń wà, sà."

"Omi gbígbóná ńkọ́?"

"Àárọ̀ nìkan ni, sà."

Kí n tó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ táì ara rẹ̀. Mi ò yé pè é ní sà. Òbúkọ tó bá wọ kóòtù, ọ̀gá ni.

Ike bá wúkọ́. "Ọmọ Àyìnkẹ́, ó ti rẹ̀ mí. Kànìnkànìn tí o fi ń fọ̀ mí ti ha mí nínú, ìdọ̀tí ti rí ibi sá pamọ́ sí. Jẹ́ kí n máa lọ."

"Tó o bá lọ, kí ló kù fún mi?"

Mo ṣẹ́jú, ọ́fíìsì di ilé ìdáná wa n'Ígbájọ. Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi ọ̀rá bo ẹnu ike kí wọ́n tó dé e, kí epo má baà jò lọ́nà. Háà! Àárò wọn sọ mí.

"Màámi, ẹ bá mi rọ epo sí i."

Wọ́n wò mí. "Àkànjí, ìwọ ni mo fi epo ránṣẹ́ sí. Àbí ike ni mo bí?"

Mo nawọ́ kí n di ìró wọn mú. Irùngbọ̀n òbúkọ ni ọwọ́ mi bà.

"Bàbá Morónkẹ́, ẹ fi irun mi sílẹ̀ jàre!" Ìyàwó mi ni. Ilẹ̀ ti mọ́. "Kí lẹ ń wá?"

"Omi."

Ó na ike náà sí mi. Mo ṣí i, mo gbé e símú. Kò ní òórùn epo mọ́ rárá, òórùn ike lásán ló kù. Mo ní kó jọ̀wọ́, kó bá mi fi ife bu omi wá.