Ríbọ́ọ̀nù Tí Ọ̀gá Kò Tíì Gé

Lẹ́tà tí ilé ìkọ́ṣẹ́ ìjọba kan ní Ẹ̀pẹ́ fi pe Munirah fún íńtáfíù kò ju ojú ewé kan lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó kà tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá: "Ilé wa ní ọ̀nà fún àwọn akàndá ẹ̀dá." Ó kà á fún Dáúdà ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó tún kà á lórí fóònù fún ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti fi ń wá iṣẹ́ olùkọ́ aránṣọ, ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àtẹ̀gùn sì ti dá a padà sílé. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi àwọn obìnrin ẹ́sítéètì wọn ní Ìkòròdú léèrè. Bùbá tí Munirah bá rán kì í padà wá fún àtúnṣe.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan lọ́dún 2007, Dáúdà gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ó ká kẹ̀kẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí sínú bùùtù mọ́tò, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìtóìkín forí lé Ẹ̀pẹ́. Munirah gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lé itan, àlùmágàjí, tépù àti abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, torí wọ́n ní kí kálukú mú irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ kò tíì lù tí wọ́n fi dé. Aago mẹ́wàá ni wọn yóò pe orúkọ. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò wọlé wá fọwọ́ síwèé, wọ́n á fagi lé orúkọ rẹ̀.

Wọ́n gbé ilé náà ga nílẹ̀ nítorí omi ọ̀sà tó máa ń kún dé ibẹ̀ nígbà òjò, àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ni èèyàn yóò sì gùn kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ onísìmẹ́ńtì wà lóòótọ́. Ó fẹ̀, ó dán, irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Inú Munirah dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló rí ríbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n ta dábùú rẹ̀, tí oòrùn ti pa títí tó fi ṣá. Ewúrẹ́ méjì sùn fọnfọn lórí ọ̀nà náà.

"Ìyàwó, má gba ibẹ̀ o!" Bàbá Sàlàkọ́ ni, máígáàdì àgbàlagbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "A ò tíì ṣí i."

"Ẹ ò tíì ṣí kí ni, bàbá?"

"Ọ̀nà yẹn. Ọ̀gá wa láti Ìkẹjà ló máa wá gé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀. Kò tíì ráyè ni."

"Ìgbà wo lẹ ti kọ́ ọ tán?"

"Ṣáájú ààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ tó kọjá?"

"Èyí tó ṣáájú ìyẹn."

Munirah wo àwọn ewúrẹ́ náà. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ta ló gé ríbọ́ọ̀nù fún wọn?"

"Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń gbà," ni bàbá náà dáhùn, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ò lè gba abẹ́ ẹ̀, ọmọ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá gùn ún kí Ọ̀gá tó dé, èmi ni wọ́n máa lé."

Dáúdà kì í fẹ́ wàhálà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. "Jẹ́ kí n pọ̀n ẹ́, Ìyá Salman. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án péré ni." Àwọn ọkùnrin méjì tó dúró nítòsí náà ti ń ká apá aṣọ wọn sókè. "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Wọn ò wúwo." Kò sẹ́ni tó bi Munirah pé kí ló fẹ́.

Ká má purọ́, ibí yìí gan-an ni inú ti bí i jù. Lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ní girama, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló gbé e gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí àpò gaàrí. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká dé itan, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín. Omijé ló fi ṣe ìdánwò ọjọ́ náà, ó sì búra pé ẹnikẹ́ni kò tún ní gbé òun wọ ibi tí òun ti ń wá iṣẹ́.

"Ẹ dìde, Bàbá Salman," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi lẹ́yìn yín kí wọ́n tó rí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Aago mẹ́wàá lù. Adéòjó, akọ̀wé tó ń pe orúkọ, jáde sí orí àtẹ̀gùn pẹ̀lú rẹ́jísítà lọ́wọ́.

"Munirah Oríyọmí!"

"Mo wà níbí, sà!"

Ó wò ó láti òkè. "Ẹ wọlé wá fọwọ́ síwèé."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi mú rẹ́jísítà sọ̀kalẹ̀."

"Háà, madam! Rẹ́jísítà ìjọba kì í sọ̀kalẹ̀."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tẹ́ ẹ kọ́ fún wa."

"Wọn ò tíì ṣí i. Ṣé bàbá ò sọ fún yín ni?" Ó wo inú ìwé rẹ̀. "Munirah Oríyọmí! Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn o."

Ẹ gbọ́ ná. Èèyàn jókòó síwájú ẹni tó ń pè é, wọ́n jọ ń wo ojú ara wọn, ó ń jẹ́ "mo wà níbí," ẹni tó ń pè é sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá! Wọ́n máa ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà. Baba yẹn kú mọ́ Munirah lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ àlùmágàjí.

"Ọmọ mi, má kó bá mi o!" ni Bàbá Sàlàkọ́ ké.

Ríbọ́ọ̀nù já. Àwọn ewúrẹ́ fò dìde, wọ́n sá. Munirah di táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i gun òkè fúnra rẹ̀, apá rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń kán sí i lójú. Dáúdà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó na ọwọ́ síwájú ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Adéòjó ti la ẹnu láti pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu náà kò sì tíì padé nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ yá mi ní bírò yín, sà," ni Munirah wí. Akọ̀wé náà kò mọ ìgbà tó nà án sí i.

Ìyáàfin Ìbídùnní ló ń darí íńtáfíù náà nínú yàrá, ìyá àgbà tó ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí Munirah. Kò tíì bi í ní ìbéèrè kankan tí Adéòjó fi já wọlé, tòun ti ríbọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Ẹ wo ẹ̀rí, mà! Obìnrin yìí ló gé ríbọ́ọ̀nù Ọ̀gá!"

Ìyáàfin Ìbídùnní gbà á, ó wọ ìgò ojú rẹ̀, ó sì yẹ etí ríbọ́ọ̀nù náà wò tìfarabalẹ̀. Munirah ń rò ó lọ́kàn: Ọdún mẹ́fà ló fi wá iṣẹ́, òun náà ló tún wá fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.

"Kí ló dé tí o ò gé e dábùú," ni ìyá náà béèrè, "tó o fi gé e láti igun sí igun?"

"Kó má baà máa tú ni, mà. Tí èèyàn bá gé e dábùú, òwú ẹ̀ á máa yọ."

"Nínú gbogbo ìbínú yẹn, o rántí?"

"Ríbọ́ọ̀nù ò ṣẹ̀ mí, mà."

Ìyáàfin Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí ìgò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti yege nínú gígé aṣọ. Ó ku ti rírán."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà iṣẹ́ dé. Láti Mọ́ńdè di Ọjọ́rú ni yóò máa kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, ilé ìyá rẹ̀ ni yóò sì máa sùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débi iṣẹ́, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ló bá dúró. Wọ́n ti ta ríbọ́ọ̀nù tuntun, ó pupa yòò. Àwọn ewúrẹ́ ti padà sípò wọn.

"Bàbá!"

"Mo mọ̀," ni Bàbá Sàlàkọ́ wí, kò lè wo ojú rẹ̀. "Ọ̀gá ní òun ń bọ̀ ní Túsìdeè."

"Túsìdeè wo?"

Bàbá náà dìde, ó wọ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀ yí padà, ó sì jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí Munirah, ó dojú kọ títì.

"Mi ò rí nǹkan kan o, olùkọ́."

Munirah mú àlùmágàjí jáde. "Rọ́ọ̀lù ríbọ́ọ̀nù mélòó ló kù nínú ọ́fíìsì, bàbá?"

"Méjì."

"Ó máa tán," ló wí, ó sì gé e láti igun sí igun.