Ẹ̀rọ Méjì, Ojú Kan

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá Ìyá Aránṣọ padà sílé nítorí ṣúgà. Kùrukùru bo ojú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù, ṣùgbọ́n dókítà ní òun kì í fi abẹ kan ojú alátọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ bá ń fò sókè. Oṣù méjì gbáko ni ìyá fi bá ẹnu ara rẹ̀ jà. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ gún un níka, ó ní ṣúgà ti wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Inú ìyá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó ti ń ro bí òun yóò ṣe máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìbẹ ọmọ aráyé.

Ó ku kí wọ́n wọn iwájú ojú, kí wọ́n lè mọ dígí kékeré tí wọn yóò fi sínú ẹyinjú rẹ̀, tí yóò bá a mu. Ọ̀gbẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀n ọ́n. Arábìnrin tó ń lo ẹ̀rọ tuntun náà wọ̀n ọ́n. Òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, ohun tí kò tó ìlàjì fọ́nrán irun ni wọ́n sì fi yàtọ̀. Ẹ wo ohun tó dìjà láàárín àwọn tó kàwé!

"Ẹ má bínú o, sà, ẹ̀rọ yín ti ń ṣarán."

"Tìrẹ ni ò tíì já lẹ́nu ọmú!"

Wọ́n tún ìyá wọ̀n. Wọ́n wọn ara wọn. Wọ́n dá dókítà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n pe aṣọ́nà ilé ìwòsàn wọlé, ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an, nítorí aṣọ́nà tí ojú ò dùn rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tirẹ̀. Kò sí ojú kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ méjèèjì fẹnu kò lé lórí.

Nígbà tó di wákàtí kẹta, ìyá fi ọwọ́ lu tábìlì gbàgà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Téèpù méjì kì í bára mu! Èyí tí mo bá fi wọn èèyàn náà ni mo máa fi wọn aṣọ rẹ̀, á sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Èwo lẹ fi ń ṣírò dígí látọjọ́ yìí?"

"Ti àtijọ́ ni, mà," ni dókítà dáhùn.

"Ẹ fi ìyẹn ṣe é, kí ẹ jẹ́ kí n ríran, ẹ jọ̀ọ́!"

Ojú ti dókítà. Ó fa òfin náà ya lára ògiri, ó ní kí wọ́n gbé ìyá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kíá. Nọ́ọ̀sì ní kí òun kọ́kọ́ yẹ ṣúgà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gún ìka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí.

"Ó ti fò sókè, mà. Ìbínú ló fà á. Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Omi bọ́ lójú ìyá. Ó na ìka mìíràn sí nọ́ọ̀sì.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé kò sí ẹ̀rọ kejì níbí ni?"