Irọ́ Kan Lójúmọ́

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ kan bá dákẹ́, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ ariwo, oníbàárà á sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa béèrè kóòtù tó mú wá lánàá bí ẹni pé òun nìkan ni mò ń fọṣọ fún. Àárín wàhálà yìí ni bàbá mi ti wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí àpótí ọṣẹ.

"Ọmọ mi, mo ti ń darúgbó. Bá mi wá ìtàn ilé wa jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó kúrò nílé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò fẹ́ kú láìmọ ibi tí wọ́n wà."

Bàbá mi kì í bẹ èèyàn ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè mọ̀: ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, àkọ́bí ilé, tí àwa ọmọ ń pè ní Adájọ́ lẹ́yìn wọn. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fi ń sinmi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni bàbá bàbá mi ṣe?"

"Mi ò rántí."

"Ẹ̀gbọ́n dádì ńkọ́? Ibo ni wọ́n lọ?"

"Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? Mo ní mi ò rántí."

Bí a ṣe ṣe é títí ilẹ̀ fi ń ṣú nìyẹn. Èmi náà kì í ṣe onísùúrù. Inú bí mi, mo dìde, mo ní, "Ó dáa, màá kọ ọ́ pé káfíńtà ni bàbá yín."

Adájọ́ fò dìde bí ọmọge. "Káfíńtà bàwo? Atukọ̀ ni bàbá mi! Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jò lẹ́yìn! Kí ló dé tó o fẹ́ ba ìtàn ilé wa jẹ́?"

Ojú mi là. Ọ̀nà kan ò wọjà. Adájọ́ kì í dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n wọn ò lè rí àṣìṣe kí wọ́n mójú kúrò.

Láti ọjọ́ náà, bí áyọ́ọ̀nù bá ti ń gbóná láàárọ̀, màá ju irọ́ kan sínú gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù. Mo ní ìyá bàbá mi ò mọ orin kọ. Kí n tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, ohùn Adájọ́ ti dé: wọ́n bú mi, wọ́n sì kọ orin ọ̀hún látòkè délẹ̀. Bí mo ṣe ń to aṣọ oníbàárà ni mo ṣe to ìdílé wa: ní yàrá ẹ̀yìn, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní háńgà tirẹ̀, mo kọ ohun tí mo gbọ́ sí bébà, mo sì há a mọ́ ọn. Nígbà tó yá, háńgà kan ṣoṣo ló ṣófo, ti ẹ̀gbọ́n dádì. Bàbá mi máa ń wá wò ó.

Irọ́ tó kù bà mí lẹ́rù. Mo ní, "Dádì, màá purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n yín o."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Purọ́ mọ́ wọn. Tí wọ́n bá wà láyé, wọ́n á dárí jì ọ́."

Mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n dádì kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni nílé, ìyẹn ni wọ́n ṣe sá lọ.

Ohùn Adájọ́ kò dé sórí gúrúùpù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ń wo fóònù títí mo fi jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. Lọ́sàn-án, Adájọ́ fúnra wọn fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń mí gúlegúle.

"Ta ló ní kò fẹ́ràn wa? Èmi ni mo bá a di ẹrù rẹ̀! Ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, bàbá wa lé e, wọ́n sì mú mi búra pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́. Ọdọọdún ló ń pè mí, ọdọọdún ló ń béèrè àbúrò rẹ̀!"

Ìgbà náà ni wọ́n rí bàbá mi lórí àpótí ọṣẹ. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Adájọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, omi bọ́ lójú wọn.

"Àbúrò mi, ó rò pé o kórìíra òun ni. Mo ti gbé ìbúra yìí títí, ó ti rẹ̀ mí." Wọ́n yọ fóònù nínú báàgì, wọ́n tẹ nọ́ńbà kan, wọ́n gbé e fún bàbá mi.

"Hẹ̀lóò?" Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ni.

Bàbá mi di fóònù náà mú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn tí àwọn háńgà wà. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń pè ẹ́," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀gbọ́n ta? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́! Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà! Ìwọ wá ni ẹ̀gbọ́n..." Ohùn náà dúró. Ó wá rọlẹ̀. "Àbúrò mi. Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi." Bàbá mi ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo sáré mú bébà àti háńgà tó ṣófo. Mo ti kọ okùn bàtà sílẹ̀ kí Adájọ́ tó fi etí aṣọ nu ojú wọn, tí wọ́n yọjú wo ohun tí mo kọ.

"Pa á rẹ́," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo kọ́ àwọn méjèèjì."