Nọ́ńbà Tí Tobiáš Kọ Sílẹ̀

Gedeon Vrabec kì í fọwọ́ kan òrùka ẹnu ìbọn ẹnikẹ́ni, ìwúwo kékeré tí wọ́n ń yí kí ọta lè balẹ̀ sójú kan, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ń gbẹ́ àwọn òrùka náà fún gbogbo ẹgbẹ́ ayìnbọn abúlé abẹ́ òkè yẹn, ó sì ti rí ẹkún tí àìkọsílẹ̀ máa ń fà. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi pa òfin yìí mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rú u. Orí ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú ló ti rú u, nítorí ó gbà pé ọ̀rẹ́ náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà fún òun.

Tobiáš Krnáč ni ọ̀rẹ́ náà ń jẹ́. Kmotre ni wọ́n ń pe ara wọn, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe ẹni tó bá wọn gbé ọmọ wọn lọ síbi ìsàmì. Gedeon ló gbé Anička, ọmọ kan ṣoṣo tí Tobiáš àti Judita ìyàwó rẹ̀ bí, lọ síbi omi náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn, Gedeon yìí kan náà ló di ẹ̀gbẹ́ kan pósí kékeré rẹ̀ mú, tí Tobiáš di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, Tobiáš kò pa ilé Olúwa tì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá orin tí wọ́n kọ létí sàréè ọmọ náà, á dìde, á lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí orin á fi tán. Kò kùn, kò sì ṣàlàyé. Nígbà tó yá, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ṣíwọ́ yíyan orin náà. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́ gbẹ̀yìn nínú ìjọ yẹn.

Judita kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè rí. Ṣùgbọ́n nígbà kan tí òun àti Gedeon jọ ń ṣa èso nísàlẹ̀ igi lẹ́yìnkùlé, ó sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo ló ń ba òun lẹ́rù láyé, ìyẹn ni kí Tobiáš má lọ kú láìtíì bá Ọlọ́run rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò jọ sọ̀rọ̀ Anička. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n ń sọ. Ìbọn ọta kékeré ni wọ́n ń yìn. Wọ́n á gbé e lé orí tábìlì olókùúta, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sì máa wá bí ọta márùn-ún ṣe máa gba ojú ihò kan ṣoṣo kọjá ní àádọ́ta mítà. Nígbà tí Gedeon kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ òrùka dé, Tobiáš kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ló ń so òkúta mọ́ ìwo ewúrẹ́ kó tó ní kó sáré. Gedeon fara balẹ̀ ṣàlàyé pé bí ìbọn bá ti dún, ọ̀pá rẹ̀ á máa jì bíi pàṣán. Ọta tó yá á jáde nígbà tí ẹnu ìbọn kọjú síbì kan, èyí tó lọ́ra á jáde nígbà tó ti yẹ̀ síbòmíràn. Bí èèyàn bá fi ìwúwo díẹ̀ sẹ́nu ọ̀pá náà, tó sì gbé e síbi tó yẹ ẹ́ gẹ́lẹ́, àwọn ọta méjèèjì á balẹ̀ sójú kan náà.

“Ìbọn tèmi kì í gbọ̀n, kmotre,” Tobiáš dá a lóhùn. “Ìwọ tó ń mu kọfí ife mẹ́rin láàárọ̀ ni kó o wá nǹkan so mọ́.”

Síbẹ̀ ó gbà. Gedeon gbẹ́ mẹ́ta fún un. Èyí tó fi irin ṣe wúwo jù, ọ̀pá ìbọn Tobiáš tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń tẹ̀ba lábẹ́ rẹ̀, bó bá sì ti móoru, ọta á máa rìn gbéregbère. Èyí tó fi irin fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ṣe kò já mọ́ nǹkan kan; wọ́n yí i láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bébà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Onídẹ ló bá a mu. Gedeon fín àmì sí i lára, láti òdo dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, wọ́n sì fi odidi ìgbà ìwọ́wé kan wá ojú ibi tó fẹ́. Ọta méjì, kí wọ́n yí i ní àmì mẹ́wàá, ọta méjì mìíràn. Lórí bébà, àwọn ihò náà kọ́kọ́ gun ara wọn lókè lódò bí àkàsọ̀, wọ́n wá ń sún mọ́ ara wọn, títí wọ́n fi tò sórí ìlà kan bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà. Níbẹ̀ ni Tobiáš ti fún ìdè tó ń di òrùka náà mú pa. Kò sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún Gedeon, ó sì máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀ bí páálí ọta tuntun bá dé. Ó ní nọ́ńbà òun àti àdúrà òun, àárín òun àti Ẹlẹ́dàá òun ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdíje ìgbà ìwọ́wé wáyé nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Tobiáš ṣubú. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Sátidé ni Gedeon lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀, níbi tó ti lọ fi nọ́ńbà orin ọjọ́ Àìkú kọ́ sára pátákó ògiri, iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ìjọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó fa àga, ó jókòó, kò sì mọ ohun tó yẹ kó sọ fún ẹni tí kò lè fèsì, ló bá ń sọ̀rọ̀ ìdíje: bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ní pápá, bí páálí ọta tuntun náà ṣe dára tó.

Tobiáš na ọwọ́ òsì, ó ń wá nǹkan ìkọ̀wé. Gedeon fún un ní bébà àti pẹ́ńsù. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Èjì, èje, ẹ̀rin.

“Ó ti yé mi, kmotre,” ni Gedeon wí. “Ibẹ̀ ni màá yí i sí.”

Tobiáš mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fi ìka lu bébà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá na ìka náà sókè, sí àjà yàrá.

“Ọta ló ń lọ sókè? Mo gbọ́. Màá mójú tó o. Fọkàn balẹ̀.”

Tobiáš wò ó, ó wò ó pẹ́. Omi wá bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣàn lọ sínú irọ̀rí. Gedeon fi aṣọ ìnujú nù ún, ó sì rò pé ayọ̀ ni. Ní Ọjọ́bọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, Tobiáš dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tọ́jú òkú, Judita dúró níwájú Gedeon pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. “Kmotre, ẹ̀yin lẹ jókòó tì í kẹ́yìn. Ǹjẹ́ ó fi nǹkan kan hàn yín? Ṣé ó fẹ́ orin kan? Ṣé ó tiẹ̀ dárúkọ Olúwa?”

Gedeon kì í purọ́. Ó ní rárá, pé ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan ló kọ sílẹ̀.

Judita mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn náà tẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí wọ́n kọ orin Anička, ó kọ̀. Ó ní ohun tí ọkọ òun sá fún láyé, òun kò ní fi lé e lórí nínú pósí. Wọ́n kọ orin tí wọ́n máa ń kọ fún gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé ìbọn náà wá fún Gedeon nínú aṣọ rẹ̀. Gedeon jókòó tì í ní pápá ní àárọ̀ ìdíje, ó tú ìdè òrùka náà, ó sì yí i tààrà lọ sí igba ó lé mẹ́rìnléláàádọ́rin. Kò wo ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ wò, nígbà tí bébà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nínú àpò àyà rẹ̀?

Ọta márùn-ún àkọ́kọ́ fọ́n káàkiri bíi hóró àgbàdo tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọge. Ó di ẹ̀bi náà ru atẹ́gùn. Márùn-ún kejì tún burú. Ferko, tó jókòó sí tábìlì kejì tí kì í lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, béèrè bóyá Gedeon ń yìnbọn ni àbí ó ń gbin kábéèjì. Gedeon wá rántí pé àwọn àgbà kan máa ń ka àmì òrùka láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó yí i sí igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní kí òun dá a padà síbi tí Tobiáš fi í sí kó tó kú, ibẹ̀ ló ti rántí pé òun kò kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà òrùka gbogbo ẹgbẹ́ ló wà nínú ìwé pélébé rẹ̀, àfi ti Tobiáš nìkan. Ibi tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kúrò lára irin yẹn ti sọ nù, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ nù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gba máàkì tó kéré sí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ti ń rìn lọ sílé, ó wí nínú ara rẹ̀ pé àìsàn ló ti da orí Tobiáš rú tó fi kọ nọ́ńbà tí kò nítumọ̀.

Ìdajì oṣù kan kọjá. Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, Gedeon wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tútù náà pẹ̀lú bébà tí pásítọ̀ kọ nọ́ńbà orin sí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ àwọn pátákó pélébé tí nọ́ńbà wà lára wọn. Ó fi èjì kọ́. Ó fi èje kọ́. Ẹ̀rin wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ náà dúró.

Ó wo pátákó ògiri. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó fa bébà ilé ìwòsàn yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pásítọ̀.

“Pásítọ̀,” ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì jọ tirẹ̀ mọ́, “orin wo lèyí?”

Pásítọ̀ wà nídìí pẹpẹ, ó ń gé òwú àbẹ́là. “Orin Anička ni. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ pa á tì ti lọ sinmi. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa bà nínú jẹ́ mọ́.”

Gedeon ṣí ìwé orin. *Ìwọ tó fi í fún mi, Ìwọ ni mo dá a padà fún.* Ó jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òun ló ń fi nọ́ńbà orin kọ́ sára ògiri láti ọdún gbọọrọ. Nínú gbogbo ìjọ, òun gan-an ni Tobiáš kọ nọ́ńbà orin sílẹ̀ fún, nítorí ta ni ì bá tún yé?

Judita ń bó ọ̀dùnkún nígbà tí Gedeon wọlé. Gedeon tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dá ara rẹ̀ sí níbì kankan. Judita nu ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà wọ́gọwọ̀gọ náà lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ó nàka sókè,” ó wí nígbẹ̀yìn, “ẹ ní ọta ló ń lọ sókè.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń sunkún, kmotre. Kì í ṣe pé ó kú. Mò ń sunkún pé ibi tó lọ, bóyá wọn ò gbà á wọlé.” Ó tún fọwọ́ kan bébà náà. “Ká ní ẹ kọ ẹsẹ kan péré fún un nínú yàrá yẹn. Ẹsẹ kan. Ohun tó ń tọrọ nìyẹn.”

Gedeon kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná láàárín èèpo ọ̀dùnkún. Judita kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì sọ pé òun kò dárí jì í. Ó mú ìborùn rẹ̀ lára ìṣó. “Ẹ dìde. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.”

Wọ́n lọ síbi sàréè, ti bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ. Judita dá orin náà fúnra rẹ̀, kò ṣí ìwé. Gedeon bá a lọ títí dé ìlà kejì, ó sì dúró níbẹ̀. Obìnrin náà nìkan ló kọ ọ́ parí, ẹsẹ márààrún, pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín tí atẹ́gùn òkè ń gbé lọ. Nígbà tó parí, ó bẹ̀rẹ̀, ó to àwọn àbẹ́là tó wà lórí sàréè méjèèjì dáadáa, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀, kì í ṣe fún Gedeon, pé òun ti gbọ́.

Nígbà tí pápá tún ṣí lẹ́yìn òjò dídì, Gedeon gbé ìbọn Tobiáš jáde. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní odidi ọjọ́ kan àti páálí ọta méjì, òun á rí ojú ibi tó yẹ òrùka náà. Iṣẹ́ òun ni. Kò wá a. Ó yí i sí igba ó lé mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó sì fún ìdè rẹ̀ pa débi tí irin fi ké.

Ọta rẹ̀ fọ́n káàkiri lọ́jọ́ náà, àti ní ìdíje tó tẹ̀ lé e. Ferko fara dà á títí, ó wá rọra súnmọ́ ọn. Ó ní ẹni tó gbẹ́ òrùka fún gbogbo wọn kò gbọ́dọ̀ máa ṣe báyìí, pé kó jẹ́ kí òun bá a yí i díẹ̀, ibi tó wà yẹn kò dára fún ìbọn.

Gedeon fi àtẹ́lẹwọ́ bo idẹ náà. “Mo mọ̀,” ó wí. “Kì í ṣe ti ìbọn.”

Ó ki ọta mìíràn bọ̀ ọ́, ó sì wo bébà funfun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.