Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ìbejì

Ọkọ mi ló ń fi ẹ̀jẹ̀ bọ́ àwọn kòkòrò ibà mi. Láàbù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a ń wá oògùn ibà lára ewé níbẹ̀. Ojú ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà, n kò sì mọ ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n fi ń pe nǹkan ibẹ̀. À ń gún ewé, à ń yọ ohun kíkorò inú rẹ̀, à ń kán an sínú abọ́ kékeré tí kòkòrò wà. Inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni kòkòrò náà ń gbé. Bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó parí fún un.

Abọ́ kan máa ń wà tí a kì í kán nǹkan kan sí. Kòkòrò inú ìyẹn gbọ́dọ̀ yè, ká lè mọ̀ pé ewé ló pa àwọn yòókù.

Àfi bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀jẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lára ọkọ mi, tí gbogbo wọn ń kú. Èyí tó rí ewé kú. Èyí tí kò rí ewé náà kú.

Ọ̀gá wa gbójú kúrò lẹ́nu maikirosikóòpù. "Ìyá Ìbejì, kí lo ṣe fún wọn? Àbí o bá wọn sọ̀rọ̀ ni?"

"Ọ̀gá, n ò tíì bínú sí wọn."

"Ó dáa. Àwọn tó ń ṣe ìpara ní yàrá kejì ti ń bèèrè àpótí amóoru yìí. Bí n ò bá rí abọ́ tó yè lọ́jọ́ Ẹtì, màá gbé e fún wọn."

Láìsí àpótí yẹn tó ń mú kí abọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò ò lè yè, iṣẹ́ ewé mi sì dópin nìyẹn. Mo pààrọ̀ omi, mo tún abọ́ fọ̀, pàbó ló já sí.

Mo délé, mo kó ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi láti fọ̀. Oògùn ibà ló jábọ́ látinú ọ̀kan.

"Bàbá Ìbejì, ta ni ibà ń ṣe?"

Ó gbójú sókè. "Kò ṣe ẹnì kankan."

"Kí wá lèyí?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ni mo ṣe ń lò ó. Ojoojúmọ́ lo ń bá kòkòrò jókòó. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ lé ọ wálé ńkọ́?"

"Kòkòrò inú abọ́? Ṣé ó máa wọ bọ́ọ̀sì ni? Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yín ni mo fi ń bọ́ wọn?"

"Mo mọ̀. O ò ṣáà sọ fún mi pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbádùn rẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá pé oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ló ń pa wọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ara igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú oògùn yẹn. Igi ẹlòmíì ti ṣáájú ewé rẹ dé inú abọ́!" Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ó yá, gba tèmi. Èmi kì í gbé oògùn mì, ìyàwó mi ń bá mi jà lórí ẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, kòkòrò inú abọ́ tí kò rí ewé ń pọ̀ sí i ṣáá. Nínú àwọn tó rí ewé, ìwọ̀nba ló kù. Kò pa gbogbo wọn, n ò ní purọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn oníìpara pé kí wọ́n wá ibòmíì gbà.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó fajú ro.

"Ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá rẹ ló wá dùn ju tèmi lọ?"

"Bàbá Ìbejì, tiyín ń pa kòkòrò ibà. Kí lẹ tún ń wá?"

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní kí n pe màmá òun, kí n sọ ìyẹn fún wọn.